Bí Kò Bá Sẹ́ni Tó Kórìíra Ẹnikẹ́ni, Báwo Ni Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Ṣe Ń Wọ Ibi Iṣẹ́?

Ìbéèrè: Níbi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó ń bú aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ aláwọ̀ funfun ni gbogbo ọ̀gá. Ṣé ẹlẹ́yàmẹ̀yà nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìlànà iṣẹ́ lè máa fọwọ́ rọ́ ẹ̀yà kan sẹ́yìn láìsí pé ẹnikẹ́ni bú wọn. Ẹjọ́ Griggs, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá lọ́dún 1971, ló fi èyí hàn jù. Nílé iṣẹ́ mànàmáná Duke Power ní North Carolina, ẹ̀ka lébìrà nìkan ni wọ́n ń gba aláwọ̀ dúdú sí. Nígbà tí òfin fòpin sí ìyẹn ní July 1965, wọ́n ní ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ sí ẹ̀ka yòókù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí girama, kó sì yege nínú ìdánwò méjì. Bẹ́ẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní ìwé ẹ̀rí ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, wọ́n sì ń gba ìgbéga! Ilé ẹjọ́ ní ohun tí kò bá kan iṣẹ́, tó sì ń dí ẹ̀yà kan lọ́nà, kò bófin mu, ì báà jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Ìbéèrè: Kí wá ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lè ṣe? Ọdọọdún la ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò burú, àmọ́ tí wọ́n bá jáde níbẹ̀ tán, fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ àtijọ́ náà ni wọ́n máa bá lórí tábìlì. Fọ́ọ̀mù yẹn ni kí ọ̀gá mú. Kó bi ara rẹ̀ nípa gbogbo ohun tí wọ́n pè ní dandan: ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa láìní in?

Lẹ́yìn náà, kó kà wọ́n, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: àwọn tó kọ̀wé, àwọn tí wọ́n pè, àwọn tí wọ́n gbà, àwọn tí wọ́n gbé ga. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1978 lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bí òṣùwọ̀n. Ká ní aláwọ̀ funfun 100 kọ̀wé, 50 wọlé. Aláwọ̀ dúdú 100 kọ̀wé, 30 wọlé. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 50 jẹ́ 40, òun ni iye tó kéré jù tó yẹ kí aláwọ̀ dúdú tó wọlé jẹ́. Ọgbọ̀n ò dé ibẹ̀, ó di dandan kí wọ́n wádìí ohun tó fà á.

Orúkọ nìkan náà lè dínà. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004, wọ́n fi nǹkan bí 5,000 ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Èyí tó ní orúkọ tí aláwọ̀ funfun sábà máa ń jẹ́, bí Emily tàbí Greg, rí ìpè gbà tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí èyí tó ní orúkọ tí aláwọ̀ dúdú sábà máa ń jẹ́, bíi Lakisha tàbí Jamal, rí gbà. Kí wọ́n bo orúkọ kí wọ́n tó kà á.

Ìbéèrè: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńkọ́?

“Kò bá wa mu,” lohun tí àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò sábà máa ń sọ. Gbólóhùn yẹn ti lé ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ dànù, inú sì ń bí mi sí i. Kí gbogbo ẹni tó wá dáhùn ìbéèrè kan náà, kí oníkálukú nínú àwọn tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn?

Ẹlòmíì láti ìta ni kó wádìí ẹ̀, kí àbọ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùdarí. Kí wọ́n máa ṣọ́ owó oṣù àti ìgbéga ẹni tó fẹjọ́ sùn lẹ́yìn náà pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń gbẹ̀san.