Apophis: òkúta tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029, òkúta ojú ọ̀run ràbàtà kan tó ń jẹ́ Apophis yóò gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 340. Nǹkan bí 32,000 kìlómítà péré ni yóò fi jìnnà sí ilẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n pàápàá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè.

Ṣé òkun yóò wá ru ni? Rárá o. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni agbára òòfà rẹ̀ ṣe ń tó. Òṣùpá, tó ń mú kí omi òkun kún kó sì fà, wúwo ju Apophis lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù. Òótọ́ ni pé òkúta yìí yóò fi ìlọ́po mẹ́wàá sún mọ́ wa ju òṣùpá lọ, síbẹ̀ omi kò ní mọ̀ pé ó kọjá.

Òkúta náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Ayé yóò fà á, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì wọ́. Lónìí, ọjọ́ 324 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, yóò máa gbà á ju ọdún kan lọ. Òòfà ayé yóò tún fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí wa ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Èyí lè yí bó ṣe ń pòòyì padà, ó sì lè mú kí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ ya láwọn ibì kan.

Wíwọ́ ọ̀nà yẹn ló fa ìbẹ̀rù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kẹfà ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìṣirò fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún pé yóò kọlu ayé ní 2029. Àyẹ̀wò sí i mú èyí kúrò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn 2029 ṣì kù. Ẹni tó bá ti fi kànnàkànnà ta òkúta rí mọ̀ pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tí òkúta yóò balẹ̀ á jìnnà sí ibi tí a fojú sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ kékeré nínú ibi tí Apophis yóò gbà kọjá ṣe lè gbé e wá bá wa lọ́jọ́ mìíràn. Ọdún 2021 ni wọ́n fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan tó jìnnà, wọn ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, NASA, àjọ ìwádìí ojú ọ̀run ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì kéde pé kò ní kọlu ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó kéré tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú lásán yóò tó láti rí i ní Áfíríkà, bí ìràwọ̀ tó ń rìn, bí ìkùukùu àkọ́rọ̀ òjò kò bá bo ojú ọ̀run.