Kaṣíà Yín Ń Gbààwẹ̀, Ta Ló Ń Yẹ Ìwé Rẹ̀ Wò?

Tí mo bá ti bi oníṣòwò pé ta ló ń yẹ ìwé kaṣíà rẹ̀ wò, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ má ṣèyọnu, ìyá ìjọ ni wọ́n." Tàbí, "Alhaja ni, wọ́n ti dé Mẹ́kà." Ìwé owó ni mo ní kí ẹ kó wá, oyè ni ẹ̀ ń kà fún mi!

Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹ̀sìn tí olè ò sí nínú rẹ̀, mi ò sì tíì rí èyí tó gba òótọ́ ṣe tirẹ̀ nìkan. Luca Pacioli, tó kọ́kọ́ tẹ ìlànà ìkọ̀wé-owó alápá méjì jáde ní Venice ní 1494, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn nínú ìjọ Àgùdà ni. Ó ní kí oníṣòwò fi àmì àgbélébùú sára ìwé rẹ̀, kó sì pe orúkọ Ọlọ́run. Síbẹ̀, ó ní kí apá òsì àti apá ọ̀tún ìwé bára mu. Bí orúkọ Ọlọ́run bá tó, kí ló tún ń da ara rẹ̀ láàmú sí?

Ẹni tó ń gbowó kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ gbé e lọ sí báǹkì. Kí ẹlòmíràn fi sítétímẹ́ǹtì báǹkì wé ìwé yín lóṣooṣù. Lóṣooṣù ni mo wí, kì í ṣe ìgbà tí owó bá sọnù.

Oníbàárà mi kan tó ń ta irin ìkọ́lé kò gbọ́. Kaṣíà rẹ̀ ló ń darí àdúrà àárọ̀, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí owó ò pé, wòlíì ni wọ́n kọ́kọ́ sáré bá. Wòlíì dijú, ó ní ọkùnrin pupa kan tí kì í gbàdúrà ni. Ni wọ́n bá lé sítọ́kípà, ẹni tí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò lọ mọ́ṣáláṣí, tí irin sítọ́ rẹ̀ àti ti inú ìwé rẹ̀ kò sì fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra rí. Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí kì í mú díẹ̀ ńbẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Ọ̀gá, tèmi kọ́ kẹ̀."

Mo gba sítétímẹ́ǹtì, kò sì pẹ́ tí àṣírí fi tú: rìsíìtì wà, owó ò dé báǹkì. Wòlíì ti gba tirẹ̀ kó tó dijú. Èmi tí mo jókòó ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-owó Nàìjíríà, wọ́n ṣì ń bá mi dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ mi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí sítọ́kípà kó padà. Ẹni tó ń ta irin ní òdìkejì títì ti gbà á, ó sì ti fi kún owó oṣù rẹ̀.