Ìlẹ̀kẹ̀ ló sọ olórí di ọba, Ifẹ̀ ló sì ti ṣẹ̀

Tí wọ́n bá ti ní báwo ni ọba jíjẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ogun Odùduwà ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Èmi o, iná ni màá sọ. N'Ígbó Olókun n'Ifẹ̀, wọ́n hú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tẹ́ ẹ bá wonú ẹ̀, gíláàsì yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, aláró, ó ń dán gbinrin, àwọn tó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní èròjà ẹ̀ ò jọ ti Lárúbáwá, ò jọ ti Òyìnbó, ó sì ti wà tipẹ́ kí Potogí tó gúnlẹ̀.

Ẹ wò ó, ìtàn ní ìletò mẹ́tàlá ló wà n'Ifẹ̀ kí Odùduwà tó gbàjọba, oníkálukú ló ní olórí tiẹ̀. Ogun lè ṣẹ́gun wọn lóòótọ́, àmọ́ ṣé ogun ló máa mú kí ọmọ ọmọ wọn ṣì máa dọ̀bálẹ̀? Ẹni tó bá ni ibi tí wọ́n ti ń fi gíláàsì yẹn ṣe sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláró táwọn ọba ń lò, òun ló máa sọ ẹni tó máa dé adé, bó ṣe rí lójú tèmi nìyẹn. Adé náà, ohun tá a dé sórí ni, bí wọ́n ṣe ń dé fìlà, ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣẹ́ bo ojú ló yà á sọ́tọ̀, torí ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di aláṣẹ èkejì òrìṣà.

Àwọn tó ní Mẹ́kà ni adé ti wá, wọn ò rí ẹyọ kan fi hàn wá. Àwa rí ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe nílé Wúnmọníjẹ̀ n'Ifẹ̀ ní 1938, ọ̀kan dé adé, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ hàn ketekete lára ẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì wà létí ẹnu ẹ̀, mo gbà pé ìbòjú ni wọ́n so síbẹ̀.

Nígbà tí Ẹlẹ́pẹ́ àti Akárìgbò, ọba méjì nílẹ̀ Rẹ́mọ, ń jà sí adé ní 1903, Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe ni MacGregor, gómìnà Òyìnbó, ránṣẹ́ pè wá s'Ékòó, kàbíyèsí sì ní Ẹlẹ́pẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní 1960 Ọọ̀ni Adérẹ̀mí di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, ìyókù gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gómìnà ló ń fún àwọn ọba lọ́pàá àṣẹ báyìí. Àmọ́ lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ adé Aàrẹ ni Ọọ̀ni ń dé jáde lọ s'Ókè Mògún, kò sì sí gómìnà tó ń gbé ìyẹn fún un.