Bí ìwé ìnṣọ́ránsì tó ti kú ṣe ń san owó ilẹ̀ tó bàjẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó fáìlì àtijọ́ jáde látinú sítọ́ọ̀ ọ́fíìsì ní Broad Street, tẹ́ ẹ ń gbé e fáwọn tó ń fi ìwé dì ẹ̀pà, ẹ dúró ná. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìnṣọ́ránsì tó ti lé lógójì ọdún, tí kámpìnì tó rà á gan-an lè ti kógbá sílé, ṣì ń mówó jáde tí wọ́n fi ń kó májèlé kúrò nínú ilẹ̀. Owó ńlá o, kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rè é. Ní nǹkan bí 1940 sí 1941, àwọn kámpìnì ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ìwé kan fáwọn oníṣòwò: tí iṣẹ́ ẹ bá ṣe ẹlòmíì léṣe àbí ó ba dúkìá ẹ̀ jẹ́, àwa la máa san án. Kò sẹ́ni tó ro ti kẹ́míkà abẹ́ ilẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n wá tún un kọ ní 1966, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní kò pọn dandan kó jẹ́ jàǹbá òjijì, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ díẹ̀díẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣáà ti jẹ́ pé ìgbà tí ìnṣọ́ránsì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ọdún tí nǹkan bàjẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọdún tẹ́ ẹ mú ẹjọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Surulere. Ká ní bàbá kan ń ṣe dráì kílínà níbẹ̀ láti 1968, tó ń da ìdọ̀tí perc, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kóòtù, sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Perc wúwo ju omi lọ, á máa rì lọ ni títí á fi kan omi kànga. Bàbá kú, ọmọ ta ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó rà á fẹ́ kọ́lé ní 2010, wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wàhálà dé. Tó bá jẹ́ ìwé Amẹ́ríkà yẹn ni, ìnṣọ́ránsì tí bàbá san ní 1970 lè dáhùn.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ wá irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ Love Canal, àdúgbò kan ní Niagara Falls ní Amẹ́ríkà, fi bẹ́ sílẹ̀. Kámpìnì Hooker Chemical ti ri nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kẹ́míkà mọ́bẹ̀, wọ́n ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní 1953 ní dọ́là kan (dọ́là kan! Ní Èkó ńbí, ẹni tó bá ta ilẹ̀ fún ẹ bẹ́ẹ̀, sá), wọ́n kọ́ ilé ìwé sí i, àwọn èèyàn kọ́lé yí i ká. Ní 1978 tí kẹ́míkà ti ń sun wọnú ilé wọn, Ààrẹ Carter kéde pàjáwìrì, ó sì buwọ́ lu Superfund, òfin tó ní káwọn tọ́rọ̀ kàn sanwó kíkó májèlé kúrò nínú ilẹ̀, ní December 1980. Òfin yẹn le. Bó bófin mu lọ́jọ́ tí wọ́n dà á síbẹ̀, kò kàn án, ẹni tó ni ilẹ̀ báyìí, ẹni tó ni ín nígbà yẹn, ẹni tó ní kí wọ́n lọ dà á síbẹ̀, wọ́n lè mú ẹyọ ẹnì kan nínú wọn kó san gbogbo ẹ̀.

Ìgbà yẹn làwọn tí wọ́n ní kó sanwó sáré padà sídìí àpótí fáìlì àtijọ́. Àwọn kan tiẹ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ wọn, wọ́n á tú ìwé àkáǹtì, lẹ́tà bróókà, ìwé tẹ́ ẹ fún lánlọ́ọ̀dù láti fi hàn pé ẹ ní ìnṣọ́ránsì, fáìlì báǹkì tó yá yín lówó. Bí ojúlówó ìwé bá ti sọnù, abala kan tó gbé nọ́ńbà, orúkọ kámpìnì àti déètì lè tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Àwọn onínṣọ́ránsì ò dákẹ́ o. Wọ́n ti fi kún un ní 1973 pé àwọn ò ní san ti ìbàyíkájẹ́ àfi tó bá jẹ́ òjijì àti jàǹbá, kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ti New Jersey ní 1993 ní òun ò gbà, torí wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fún ìjọba nígbà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Irú ẹjọ́ yìí pẹ̀lú ti asbestos, nǹkan ìkọ́lé tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ wó Lloyd's, ọjà ìnṣọ́ránsì ńlá ní London, àfìgbà tí wọ́n kó gbèsè àtijọ́ sọ́dọ̀ Equitas, kámpìnì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, ní 1996. Ní 1986 làwọn onínṣọ́ránsì Amẹ́ríkà ti kúkú ti ilẹ̀kùn pátápátá, ìwé tuntun ní òun ò ní san ti ìbàyíkájẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé tó ṣáájú 1986 làwọn tó ní ilẹ̀ tó bàjẹ́ ń wá kiri títí dòní.