Tekken 3

Tekken 3 jẹ́ géèmù ìjà 3D tí ilé-iṣẹ́ Namco ní orílẹ̀-èdè Japan ṣe. Oṣù Kẹta ọdún 1997 ló kọ́kọ́ jáde, nínú ẹ̀rọ gàgàrà tí wọ́n máa ń tò sí gbọ̀ngàn ìṣeré, tí èèyàn yóò ki owó ẹyọ bọ̀ kó tó lè ta á. Nígbà tó di 1998, Namco gbé e wá sórí PlayStation, ibẹ̀ gan-an ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn jù: ẹ̀dà PlayStation nìkan tà ju mílíọ̀nù 8 lọ káàkiri ayé. Òun ni ìkẹta nínú ọ̀wọ́ géèmù Tekken, orúkọ tó túmọ̀ sí "ẹ̀ṣẹ́ irin" ní èdè Japan.

Bó ṣe ṣẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Sega ló la ọ̀nà fún géèmù ìjà 3D, nígbà tí wọ́n gbé Virtua Fighter jáde ní 1993. Ṣáájú ìgbà náà, àwòrán pẹlẹbẹ ni àwọn oníjà inú géèmù. Wọ́n á lọ síwájú, wọ́n á bọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á fò sókè, ó parí. Seiichi Ishii, tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Virtua Fighter, kúrò ní Sega lọ sí Namco, òun ló sì darí Tekken àkọ́kọ́ tó jáde ní 1994. Tekken 2 tẹ̀ lé e ní 1995. Ishii ti bá tiẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣe ẹ̀kẹta. Katsuhiro Harada, ẹni tí ayé wá mọ̀ mọ́ Tekken lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀.

Pátákó ẹ̀rọ tí Tekken méjì àkọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní System 11, ara ẹ̀rọ PlayStation ni wọ́n ti fà á yọ. System 12 tí wọ́n lò fún Tekken 3 yára jù ú lọ, ààyè ìrántí rẹ̀ sì fẹ̀ jù. Gbígbé géèmù náà wá sórí PlayStation wá dà bí ìgbà tí èèyàn kó láti pálọ̀ ńlá wọ yàrá kan nínú agbo ilé kan náà: kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, àmọ́ ẹrù díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù síta. Àwòrán ẹ̀yìn ibi ìjà ló kù síta. Wọ́n sọ ọ́ di àwòrán kan tó nà gbọọrọ, kò sì jìn lójú mọ́ bíi ti ẹ̀rọ ńlá. Wọn ò fọwọ́ kan ìyára ìjà fúnra rẹ̀: àwòrán 60 ló ń kọjá lójú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí ẹ̀rọ ńlá àti lórí PlayStation.

Bí wọ́n ṣe ń ta á

Nínú géèmù bíi Street Fighter II, bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe le tó ni wọ́n fi pín bọ́tìnnì mẹ́fà: ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ti ààrin, èyí tó le, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹsẹ̀. Tekken ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin péré ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni apá tàbí ẹsẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́. Lórí pádì PlayStation, onígun mẹ́rin ni ọwọ́ òsì, onígun mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún, X ni ẹsẹ̀ òsì, òbírípo ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ tí kò mú pádì rí yóò ti mọ èyí tán kí ìjà àkọ́kọ́ tó parí. Èmi gbà pé nínú ìpín yìí ni adùn Tekken wà: ọ̀pè lè jókòó ti ọ̀ta kí ojú má tì í, ọ̀ta náà ò sì ní kẹ́kọ̀ọ́ tán láéláé.

Ìjà wà ní ipele mẹ́ta. Èyí tó wá láti òkè yóò fò kọjá lórí ẹni tó bá lóṣòó. Èyí tó wá sí àyà yóò bá ẹni tó lóṣòó, àfi kó dìde dí i. Èyí tó gba ilẹ̀ wá, ẹni tó bá lóṣòó nìkan ló lè dí i. Gbogbo ọgbọ́n inú géèmù náà, orí pé kí èèyàn tan ẹnìkejì láti dìde nígbà tó yẹ kó lóṣòó ló dúró lé, tàbí kó lóṣòó nígbà tó yẹ kó dìde. Ẹni tó bá sì jókòó sídìí ìdíwọ́ jù, wọ́n á dì í mú, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀.

Ohun tí Tekken 3 fi kún ti àtẹ̀yìnwá ni yíyẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àwọn méjì tó ṣáájú, ìwọ̀nba oníjà díẹ̀ ló lè ṣe é. Nínú ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ tọ́ ìdarí sókè tàbí sísàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yóò yẹ̀ sínú tàbí síta, ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ tààrà yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún bu fífò kù. Nínú Tekken 2, oníjà a máa fò bí ẹni tí ilẹ̀ ò fà mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀ṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Paul Phoenix, ọmọ Amẹ́ríkà onírun ṣóńṣó. Èèyàn yóò fi àtàǹpàkò yí ìdarí láti ìsàlẹ̀ wá síwájú, yóò sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún. Paul yóò tẹ̀ síwájú, ẹ̀ṣẹ́ yóò jáde, ìlà ẹ̀mí (ìlà tó ń fi agbára tó kù hàn) ẹni tó bá bà yóò sì já wálẹ̀ bí okùn tó gé. Gbogbo ẹni tó bá ń lo Paul ló ń wá àyè láti ju ẹ̀ṣẹ́ yìí. Àmọ́ tí wọ́n bá dí i, tàbí tí wọ́n bá yẹ̀ fún un, Paul yóò dúró gbagidi fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà, ẹni tó dúró dè é yóò sì san án fún un. Ti King tún yàtọ̀, oníjàkadì Mẹ́síkò tó ń wọ orí ẹkùn. Ìdìmú kan ló fi ń wọnú òmíràn: ó ṣẹ́ ọ lápá, ó yí ọ po, ó gbé ọ sókè, ó sì ṣán ọ mọ́lẹ̀, bọ́tìnnì tí wàá fi bọ́ ní ìgbésẹ̀ kan kì í ṣe èyí tí wàá fi bọ́ ní òmíràn.

Eddy Gordo

Eddy Gordo, ọmọ Brazil, yẹ lẹ́ni tí a ń yà sọ́tọ̀. Capoeira ni ìjà rẹ̀, èyí tí àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil dá sílẹ̀. Apá Àngólà ni wọ́n máa ń tọpa gbòǹgbò rẹ̀ lọ jù, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Salvador, ní Bahia, ìlú kan náà tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé òrìṣà dé, tí wọ́n ń pè é ní Candomblé. Ijó ni capoeira, ìjà sì ni. Orin ni wọ́n fi ń ṣe é, berimbau, ohun èlò olókùn kan, ló sì ń sọ bí ìjà yóò ṣe yára tó. Mestre Marcelo Pereira, olùkọ́ capoeira, ni wọ́n gba ìrìn àti ìyíra rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún Eddy, ìdí nìyẹn tí ara Eddy fi ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró nígbà tí àwọn yòókù bá dúró gangan.

Nínú ìtàn géèmù náà, ọmọ olówó ni Eddy. Wọ́n pa bàbá rẹ̀, ó gba ẹ̀wọ̀n kí ọwọ́ àwọn apànìyàn náà má baà tẹ̀ ẹ́, inú ẹ̀wọ̀n ni bàbá àgbàlagbà kan sì ti kọ́ ọ ní capoeira.

Òun ni ọ̀pè máa ń sáré yàn. Kò ju kí èèyàn máa fi ìka jó lórí bọ́tìnnì ẹsẹ̀ méjèèjì lọ: Eddy yóò máa yí, yóò fọwọ́ tẹlẹ̀, yóò fẹsẹ̀ gbá ọ lórí, yóò ṣubú fúnra rẹ̀, yóò sì tún ti ilẹ̀ gbá ọ ní kókósẹ̀. Níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń ta Tekken 3, ìjà ẹnu ló ń bá Eddy wọlé. Ẹni tí wọ́n bá fi Eddy nà yóò ní kì í ṣe pé wọ́n na òun. Ọ̀ta mọ ohun tí yóò ṣe: ó lóṣòó, ó ní sùúrù, ó sì gbá a nígbà tó ń yí lọ́wọ́. Tiger Jackson, onírun àfírò tó múra bí ẹni ń lọ jó dískò, ìjà Eddy yìí kan náà ló ń jà.

Ìtàn àti àwọn oníjà yòókù

Jin Kazama ni olórí ìtàn. Kazuya Mishima ni bàbá rẹ̀, ẹni tí Heihachi, bàbá tó bí Kazuya, jù sínú òkè ayọnáyèéfín. Jun Kazama, ìyá Jin, tọ́ ọ ní erékùṣù Yakushima títí tí ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Ogre, tí wọ́n ń pè ní ọlọ́run ìjà, fi kọlù wọ́n nígbà tí Jin wà lọ́mọ ọdún 15. Jun di àwátì. Jin gba ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ lọ, ó kọ́ ìjà fún ọdún mẹ́rin, Heihachi sì pe ìdíje ńlá kí ó lè fi fa Ogre jáde. Jin borí Ogre. Heihachi wá ní kí wọ́n yìnbọn fún ọmọ ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tún yìn ín mọ́ ọn lórí. Èṣù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Jin jí, ó hu ìyẹ́, ó fò lọ. Paul tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti na Ogre ṣáájú Jin, ó rò pé òun ti gbégbá orókè, ó bá tirẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé Ogre kàn fẹ́ pa ara dà ni.

Ọmọ ló rọ́pò òbí lọ́pọ̀ ibi: Forest Law dípò bàbá rẹ̀, Marshall, Julia Chang dípò Michelle tó gbà á tọ́, King kejì dípò King àkọ́kọ́ tó kú. Nina Williams kò dàgbà, torí pé inú yìnyín ló sùn sí. Hwoarang ọmọ Kòríà ń ja taekwondo, Ling Xiaoyu jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, Bryan Fury sì jẹ́ òkú tí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe. Yoshimitsu a máa ki idà bọ ara rẹ̀ níkùn láti fi gún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mokujin, igi gbígbẹ́ tó ń rìn, kò ní ìjà tirẹ̀: ti ẹlòmíì ló ń jà, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láti abala kan sí èkejì.

Lórí PlayStation

Oníjà mẹ́wàá ló ṣí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ja ìjà já pẹ̀lú oníjà kan tẹ̀ lé òmíràn, kó sì fi pamọ́ sórí mẹ́mórì káàdì. Namco fi ohun tí kò sí lórí ẹ̀rọ ńlá kún un. Nínú Tekken Force, èèyàn yóò máa rìn lọ, yóò máa na àwọn ọmọ ogun Heihachi lọ́kọ̀ọ̀kan àti lógìdìgbó. Ibẹ̀ ni Dókítà Bosconovitch, bàbá àgbà tí kò lè dìde dúró dáadáa, ti ń jáde. Nínú Tekken Ball, bọ́ọ̀lù etíkun ni wọ́n ń gbá lu ara wọn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí Gon, dáínósọ̀ kékeré tí wọ́n yá láti inú ìwé àwòrán Masashi Tanaka. Gon kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ òkè fi ń fò ó kọjá lórí ìdúró.

GameSpot, ìkànnì tó ń yẹ géèmù wò, fún ẹ̀dà yìí ní 9.9 nínú 10, ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ ní Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn ayẹ̀géèmùwò jọ, sì jẹ́ 96 nínú 100.

Ní Nàìjíríà, PlayStation ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Tekken 3, kì í ṣe ẹ̀rọ onówó ẹyọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò, tẹlifíṣàn kan, pádì méjì àti bẹ́ǹṣì kan ti tó. Iye ìjà ni wọ́n ń sanwó lé, ẹni tí wọ́n bá nà yóò gbé pádì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Mẹ́mórì káàdì onílé ṣe pàtàkì ju síìdì lọ, torí tí iná bá lọ kí wọ́n tó fi Ogre pamọ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn rẹ̀

Tekken Tag Tournament jáde ní 1999, Tekken 4 ní 2001. Tekken Advance tó jáde fún Game Boy Advance ní 2001, Tekken 3 ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí Tekken 5 dé PlayStation 2, wọ́n fi ẹ̀dà ẹ̀rọ ńlá ti Tekken 3 sínú rẹ̀, àwọn tó mọ ti PlayStation nìkan sì rí àwòrán ẹ̀yìn ìjà tó kù síta lọ́jọ́ kìíní àná. Ní 2018, Sony fi Tekken 3 sára géèmù 20 tó wà nínú PlayStation Classic, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń rántí ti àtijọ́. Nínú èyí tí wọ́n tà níta Japan, ẹ̀dà Yúróòpù ni wọ́n fi síbẹ̀, èyí tó ń gbé àwòrán 50 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 60. Ọ̀pè ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọ̀ta mú pádì, wọ́n ju ẹ̀ṣẹ́ bí ìka wọn ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ́ náà ò sì jáde lásìkò.