Oògùn lè dáa kí owó yín ṣì wọgbó: bí mo ṣe ń yẹ ilé-iṣẹ́ oògùn jẹjẹrẹ kéékèèké wò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan pè mí láàárọ̀ kùtù, ó ní òun ti rí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe oògùn jẹjẹrẹ, òun sì fẹ́ kó gbogbo owó tóun ti ń fi pamọ́ láti ọdún mẹ́ta sínú ẹ̀. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí pé jẹjẹrẹ próstéètì ló pa bàbá mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí àìsàn yẹn ń mú àwa ọkùnrin dúdú gan-an, kò sì fẹ́ẹ̀ sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ bàbá kan tó bá a lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí n bá a wo owó náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí fún gbogbo ẹni tó ń ra ṣíà òkè òkun lórí fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé oògùn lè ṣiṣẹ́, ìjọba lè fọwọ́ sí i, aláìsàn lè jàǹfààní ẹ̀, kí ẹni tó ra ṣíà má sì rí kọ́bọ̀ gbà padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Seattle tó ń jẹ́ Dendreon, jẹjẹrẹ próstéètì gan-an ni wọ́n dojú kọ. Oògùn wọn, Provenge, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sórí àtẹ o. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fúnra ẹ̀, wọ́n á yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí fáktọ́rì, wọ́n á kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bí wọ́n ṣe máa dá jẹjẹrẹ mọ̀, tó bá di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta wọ́n á gbé e padà wá fà á sí ọkùnrin náà lára, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 512, àwọn tó gbà á fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin pẹ́ láyé ju àwọn tí ò gbà á lọ. Oṣù kẹrin ọdún 2010 ni FDA, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe lọ́dọ̀ wa, fọwọ́ sí i, ṣíà wọn sì fò kọjá dọ́là 50.

Níbo ni wàhálà ti wá wọlé? Dọ́là 93,000 ni gbogbo ẹ̀ fún aláìsàn kan, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fowó ara ẹ̀ rà á, dọ́là 31,000 lẹ́ẹ̀kan, kó wá máa retí ìgbà tí ìjọba tàbí ìnṣọ́ránsì máa san án padà. Ẹni tó bá ti tajà àwìn rí mọ̀ ọ́n lára. Dókítà tó bá ní aláìsàn mẹ́wàá, owó tó há síta ti ń lọ sí mílíọ̀nù kan dọ́là! Ọ̀pọ̀ wọn fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ 2011, Dendreon jáde pé iye táwọn ti ní àwọn máa tà lọ́dún yẹn, àwọn ò lè tà á mọ́, ni ṣíà tó sùn sí bíi dọ́là 36 ò bá tó 12 mọ́ nígbà tí ọjà tì lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ fáktọ́rì mẹ́ta, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn lé ní mílíọ̀nù 600 dọ́là, oògùn oníhóró téèyàn lè gbé mì nílé sì ti dé ọjà. Oṣù kọkànlá 2014 ni wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ pé àwọn ti wọko gbèsè. Àwọn tí wọ́n jẹ lówó ló pín ohun tó kù, àwọn tó ní ṣíà ò rí nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń fún aláìsàn ní Provenge títí dòní.

Ẹ wá wo Medivation ní San Francisco, àìsàn kan náà, àkókò kan náà. Ní 2009 wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Astellas, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Japan, àwọn yẹn kó mílíọ̀nù 110 dọ́là sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jọ ń gbé ìnáwó. Nígbà tí oògùn wọn míì, èyí tí wọ́n ń ṣe fún arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan, kùnà ní 2010, ju ìdajì ṣíà wọn lọ ló já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n owó ò tán lápò wọn. 2012 ni FDA fọwọ́ sí Xtandi, oògùn jẹjẹrẹ tiwọn, nígbà tó di 2016 Pfizer ra gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ní bíi bílíọ̀nù 14 dọ́là. Lójú tèmi, alábàáṣe tó lówó lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju fídíò tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń ṣe lọ. Nínú oògùn jẹjẹrẹ 100 tó bá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára èèyàn, nǹkan bí 5 péré ló ń dé ọjà, torí náà kò sẹ́ni tó yẹ kó gbé ara lé oògùn kan ṣoṣo.

Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí ni ìwé 10-Q, ìyẹn ìròyìn owó ilé-iṣẹ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí sáìtì SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá owó tó wà nílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ cash used in operating activities sí, ìyẹn owó tí iṣẹ́ wọn ná, ẹ pín in sí oṣù, kẹ́ ẹ mọ oṣù mélòó ni owó náà máa gbé wọn. Ẹ ṣọ́ra o, ìwé ìparí oṣù kẹfà ń ka oṣù mẹ́fà pọ̀ níbi ìnáwó yẹn, kì í ṣe mẹ́ta, mo ti rí ẹni tó ṣìṣe níbẹ̀ tó rò pé ìnáwó wọn ti di ìlọ́po méjì. Tẹ́ ẹ bá rí going concern níbẹ̀, ìyẹn ìkìlọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà lè má lè máa bá iṣẹ́ lọ, owó ti ń tán lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí ClinicalTrials.gov, sáìtì tí wọ́n ń kọ ìdánwò oògùn sí, ẹ wo oṣù tí wọ́n ní ìdánwò máa parí, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wéra.

Tówó bá máa tán kí èsì tó dé, ṣíà tuntun ni wọ́n máa tà, àfi bíi kẹ́yin mẹ́rin jọ ra ilẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún wá mú àwọn mẹ́rin míì wọlé, ilẹ̀ ò tóbi sí i, ìpín yín ló kéré.

Bẹ́ẹ̀ lèmi àti oníbàárà mi ṣe jókòó ti ìwé ilé-iṣẹ́ tó mú wá. Mílíọ̀nù 18 dọ́là ló wà nílẹ̀, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ń ná lóṣù, èsì ìdánwò ṣì ku oṣù 14. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa wá san ti oṣù mẹ́jọ tó kù?" Mo ní, "Ìwọ àtàwọn tó bá rà á báyìí ni." Kò rà á lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ká jọ ṣí ìwé náà tí ti oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ bá jáde, tó bá sì máa rà á, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ̀ lòun máa fi sí i.