Ìmọ́tótó àti ààbò omi ẹ̀rọ ní ìlú Èkó

Omi ẹ̀rọ ìlú Èkó ni omi tí iléeṣẹ́ omi ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń fà láti inú odò, tí ó ń sọ di mímọ́, tí ó sì ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé lọ sí ilé àti àdúgbò. Ibùdó Ìjù, tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní ọdún 1910, ni ó pẹ́ jù lọ. Ti Àdìyàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991, ni ó tóbi jù, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́.

Odò Ògùn, tí ó wà lára orísun omi náà, ti gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Akúté níbi tí wọ́n ti ń fà á, nítorí náà ó máa ń gbé ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ìlú dání, pàápàá nígbà òjò. Ní ibùdó, wọ́n máa ń da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè ṣù pọ̀ kí ó sì sìlẹ̀. Bí omi bá ti tòrò, wọn yóò fi iyanrìn sẹ́ ẹ, wọn yóò sì fi kilorínì pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀.

Ìṣòro tí ó burú jù wà lójú ọ̀nà, láàárín ibùdó àti ẹnu ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú àwọn páìpù ìlú ti gbó, òmíràn ti dógùn-ún tàbí ó ti lu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn páìpù tín-ín-rín tí ó wọ ilé sábà máa ń gba inú gọ́tà kọjá. Nígbà tí omi bá ń fi agbára ṣàn, títa ni yóò máa ta jáde láti ojú ibi tí páìpù ti lu. Ṣùgbọ́n bí iná ọba bá lọ, tí fífà omi sì dáwọ́ dúró, agbára yìí á lọ sílẹ̀, omi ìdọ̀tí tí ó yí páìpù ká á sì rí àyè wọlé. Àwọn onílé tí wọ́n so ẹ̀rọ afami mọ́ páìpù ìjọba tààrà tún ń dá kún ewu yìí, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń fa ìdọ̀tí wọlé pẹ̀lú omi. Ọ̀nà yìí ni kòkòrò onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn lè gbà dé inú omi tí ó mọ́ nígbà tí ó kúrò ní ibùdó.

Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí omi mímu, tí SON, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, gbé jáde ní ọdún 2007, sọ pé kò gbọdọ̀ sí E. coli, ìyẹn kòkòrò tí ó máa ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kàn omi, kankan nínú mìlílítà 100 omi, àti pé òjé kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ fẹ́ kí kilorínì tí ó ṣẹ́ kù nínú omi tó mìlígíráàmù 0.2 ó kéré tán nínú lítà kan nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí a ṣe ní ẹnu ẹ̀rọ inú ilé wúlò ju èyí tí a ṣe ní ibùdó nìkan lọ.

Ọ̀pọ̀ ará Èkó ni páìpù ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Kànga, kànga ẹ̀rọ, mẹ́ruwà àti píọ̀ wọ́tà ni wọ́n gbójú lé. Ewu tiwọn náà wà: omi abẹ́ ilẹ̀ ní àwọn àdúgbò etí òkun àti ọ̀sà lè ní iyọ̀ tàbí irin nínú, kànga tí ó sún mọ́ ṣáláńgá sì lè kó kòkòrò. Síse omi títí yóò fi hó dáadáa máa ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú iyọ̀ tàbí òjé kúrò.